Ògidì ọjà kọ́ ni ògidì kẹ́mísìrì: bí a ṣe ń dá ẹ́límẹ́ǹtì, kọ́ńpáùǹdì àti àdàlú mọ̀

Ẹ bu omi sínú ife gíláàsì, ẹ da iyọ̀ ṣíbí kan sí i, ẹ rò ó títí iyọ̀ yóò fi yòrò tán. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ kò ní rí iyọ̀ kankan mọ́. Ẹ tọ́ ọ wò láti òkè, ẹ tọ́ ọ wò láti ìsàlẹ̀, bákan náà ni iyọ̀ ṣe mú. Ọmọ kan tí mo máa ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC, gbé irú ife yìí síwájú mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, iyọ̀ àti omi ti wọnú ara wọn báyìí, wọ́n ti di ẹyọ kan. Kí ló dé tí ìwé fi ní kì í ṣe kọ́ńpáùǹdì?"

Mi ò tètè dá a lóhùn, nítorí ìbéèrè rẹ̀ dára ju àlàyé tó wà nínú ìwé lọ. Ìwé ní ẹ́límẹ́ǹtì ni ohun tó dá dúró fúnra rẹ̀, kọ́ńpáùǹdì ni ohun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó papọ̀, àdàlú ni ohun méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó dàpọ̀. Papọ̀ àti dàpọ̀! Létí Yorùbá, kí ni ìyàtọ̀ wọn? Bí a bá fi àlàyé yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ á há a sórí, á kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, á sì gbàgbé rẹ̀ kó tó délé.

Ìbéèrè méjì ni mo fi rọ́pò rẹ̀ fún un. Èkíní: ṣé àwọn ohun tó wọ inú rẹ̀ ṣì di ìwà wọn mú, àbí ìwà tuntun ló jáde? Èkejì: kí ni yóò gbà ká tó lè tú wọn ká?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò. Àdàlú tí kẹ́mísìrì ń wí kò jìnnà sí àdàlú tí a ń jẹ. Ẹ̀wà àti àgbàdo ni wọ́n sè pọ̀. Nínú àwo, ẹ̀wà ṣì ń jẹ́ ẹ̀wà, àgbàdo ṣì ń jẹ́ àgbàdo. Ọmọ tí kò fẹ́ àgbàdo á ṣà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Bí ìyá kan bá fi ẹ̀wà kóńgò mẹ́ta sí àgbàdo kóńgò kan, tí ìyá kejì sì ṣe tirẹ̀ ní ìdajì-ìdajì, àdàlú ni méjèèjì. Kò sí òfin tó ní iye báyìí ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Olúkúlùkù di ìwà rẹ̀ mú, ìwọ̀n sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sè é.

Ohun tó ń da ọmọ láàmú ni pé nínú àwo àdàlú, ojú rí ẹ̀wà, ojú rí àgbàdo, ṣùgbọ́n nínú omi iyọ̀ ojú kò rí iyọ̀. Ojú kọ́ ni adájọ́ níbí. Àdàlú tí ojú lè rí ìyàtọ̀ inú rẹ̀ wà, èyí tó rí bákan náà látòkè délẹ̀ náà wà. Ẹ wá bi omi iyọ̀ ní ìbéèrè méjèèjì. Ṣé iyọ̀ ṣì ń ṣe bí iyọ̀? Ahọ́n ti jẹ́rìí sí i. Ṣé omi ṣì ń ṣe bí omi? Ó ń rin aṣọ, ó ń pa iná. Ìwọ̀n ńkọ́? Sínú 100 gíráàmù omi lásán, tí a kò gbé kaná, ẹ lè fi iyọ̀ tó bá wù yín sí i, láti èyí tí ìka méjì lè mú títí dé nǹkan bí 36 gíráàmù, kó tó kọ̀ láti yòrò mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ́ omi iyọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ tú wọn ká, oòrùn tó bẹ́ẹ̀: omi á fà lọ, iyọ̀ á kù nísàlẹ̀.

Ní Djègbadji, lẹ́bàá Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn obìnrin wà tó ń fi irú iṣẹ́ yìí jẹun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á ha ilẹ̀ oníyọ̀ tó wà létí ọ̀sà, wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á da omi lé e lórí. Omi á fa iyọ̀ inú erùpẹ̀ jáde, á máa kán sísàlẹ̀, iyanrìn á kù sókè. Omi tó kán yẹn ni wọ́n ń gbé kaná títí yóò fi gbẹ, tí iyọ̀ yóò fi funfun nínú ìkòkò. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe tú nǹkan ká lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n mú iyọ̀ kúrò lára iyanrìn, wọ́n tún mú omi kúrò lára iyọ̀. Síbẹ̀ kò sí iyọ̀ kankan tí wọ́n dá sílẹ̀. Iyọ̀ inú òkun ló wọ ilẹ̀, òun náà ló jáde sínú ìkòkò. Ṣíṣà, sísẹ́, yíyòrò, gbígbẹ, irú iṣẹ́ tí a fi ń tú àdàlú nìyẹn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó pa ìwà ẹnikẹ́ni dà.

Iyọ̀ fúnra rẹ̀ wá ńkọ́?

Ibí lọ̀rọ̀ ti yí padà. Ohun méjì ló wà nínú iyọ̀ funfun yẹn. Èkíní ni sódíọ̀mù, mẹ́táàlì kan tó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lásán ń gé e bí ẹni gé bọ́tà. Inú òróró tàbí kẹrosíìnì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí bó bá fojú kan omi, á máa sá kiri lójú omi pẹ̀lú ariwo, ó sì lè gbiná. Èkejì ni kúlórínì. Gáàsì ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ń pọ́n lọ, ó ń fún ènìyàn lọ́fun, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1915, ní Ypres ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú u sí afẹ́fẹ́ kó lè fẹ́ lọ bá àwọn ọ̀tá wọn, ó sì pa ènìyàn púpọ̀.

Ẹ mú àwọn méjèèjì yìí pàdé, wọ́n á jó lala. Ohun tó máa kù lẹ́yìn iná náà ni ohun tí a ń bù sọ́bẹ̀. Níbo ni iná sódíọ̀mù wọlé sí? Níbo ni oró kúlórínì gbà lọ? Wọn ò fara pamọ́ síbì kan. Ìwà yẹn ti kúrò nílẹ̀, ìwà mìíràn ló ti gba ipò rẹ̀. Kọ́ńpáùǹdì nìyẹn.

Ìwọ̀n náà kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Nínú 100 gíráàmù iyọ̀ tí a ti yọ èérí rẹ̀ kúrò, nǹkan bí 39 gíráàmù jẹ́ sódíọ̀mù, nǹkan bí 61 jẹ́ kúlórínì, ìbáà jẹ́ inú òkun ni iyọ̀ náà ti wá, ìbáà jẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á. Bí ẹ bá mú sódíọ̀mù wá ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó lé á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Joseph Proust, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Sípéènì, ló tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Claude Berthollet, ọmọ Faransé bíi tirẹ̀, kò gbà fún un, ó ní ìwọ̀n lè yí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bá ara wọn jiyàn nínú ìwé. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìtàn náà ni pé lára ẹ̀rí tí Berthollet mú wá ni omi tí nǹkan yòrò sínú rẹ̀ àti mẹ́táàlì tí wọ́n yọ́ pọ̀: ó ń ka àdàlú mọ́ kọ́ńpáùǹdì. Àgbà onímọ̀ ni, ó sì kọsẹ̀ níbi tí ọmọ tó gbé ife wá bá mi kọsẹ̀ sí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ tó bá bèèrè irú nǹkan yìí ṣẹ̀sín.

Ìdí tí ìwọ̀n fi dúró ṣinṣin bẹ́ẹ̀ wà nínú átọ́mù, ègé tó kéré jù tí ẹ́límẹ́ǹtì kan lè jẹ́ tí yóò ṣì máa jẹ́ ẹ́límẹ́ǹtì náà. Átọ́mù sódíọ̀mù kan á yọ̀ǹda ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ẹ̀yà kékeré kan nínú átọ́mù, átọ́mù kúlórínì kan á gbà á, ìyẹn ló sì ń dì wọ́n mọ́ra. Ọ̀kan sí ọ̀kan ni, kì í ṣe ọ̀kan sí ọ̀kan àbọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ka ìwé síwájú lè sọ pé, ṣebí iyọ̀ ń tú ká nínú omi náà? Òótọ́ ni, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ń rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù inú omi yẹn ti fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́, kò padà di mẹ́táàlì tó ń gbiná. Bí omi bá gbẹ, wọ́n á tún dì mọ́ra, iyọ̀ àná náà á yọjú.

Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ gba sódíọ̀mù kúrò lọ́wọ́ kúlórínì ńkọ́? Oòrùn kò tó, asẹ́ kò ràn án. Ẹ gbé iyọ̀ sínú iná títí yóò fi yọ́ ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 801, iyọ̀ tó yọ́ lẹ máa rí, kì í ṣe sódíọ̀mù. Ó di ìgbà tí ẹ bá mú iná mànàmáná gba inú iyọ̀ yíyọ́ náà kọjá kí wọ́n tó fi ara wọn sílẹ̀.

Omi náà bẹ́ẹ̀. Háídrójìn jẹ́ gáàsì tó máa ń jó, ọ́ksíjìn ni gáàsì tí iná ń mí, omi tí àwọn méjèèjì bí ni a sì fi ń pa iná. Nínú gíráàmù omi 9, gíráàmù 1 ni háídrójìn, 8 ni ọ́ksíjìn. Ní ọdún 1800, ní London, William Nicholson àti Anthony Carlisle ti okùn wáyà méjì bọ omi, wọ́n sì fi bátìrì tí Alessandro Volta ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ nígbà yẹn sí i. Háídrójìn ń hó sókè lára wáyà kan, ọ́ksíjìn ń jáde lára èkejì. Mo máa ń bi àwọn ọmọ léèrè pé nígbà tí omi bá ń hó lórí sítóòfù, kí ló wà nínú àwọn ìhó ńláńlá tó ń ti ìsàlẹ̀ ìkòkò bọ̀? Ọ̀pọ̀ á dáhùn pé háídrójìn àti ọ́ksíjìn. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò. Omi ló ń kán lábẹ́ rẹ̀. Omi ló wà nínú ìhó náà, omi tó di oru. Iná sítóòfù lé omi kúrò nínú ìkòkò, kò lè lé háídrójìn kúrò lára ọ́ksíjìn.

Bí a bá wá tú kọ́ńpáùǹdì dé ibi tí kò ṣe é tú mọ́, ẹ́límẹ́ǹtì la dé yẹn. Wúrà, irin, bàbà, òjé, imí-ọjọ́, sódíọ̀mù, ọ́ksíjìn: ẹ sè wọ́n, ẹ sun wọ́n, ẹ fi iná mànàmáná gún wọn, ẹ kò ní rí ohun mìíràn fà jáde nínú wọn. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ ohun tí kò ṣe é tú, ẹnì kan ti ní láti gbìyànjú títú rẹ̀. Nígbà tí Antoine Lavoisier, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ Faransé, kọ orúkọ ẹ́límẹ́ǹtì 33 sílẹ̀ lọ́dún 1789, ìmọ́lẹ̀ àti ooru wà lára wọn. Láìmù náà wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun funfun tí a ń rí bí a bá sun ìkarahun dáadáa. Kò sí ẹni tó tíì lè tú láìmù nígbà yẹn. Ní ọdún 1808 ni Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísìrì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi iná mànàmáná tú u, tó fa kálísíọ̀mù jáde nínú rẹ̀. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn ló ti fa pótásíọ̀mù jáde nínú pótáàṣì, tó sì fa sódíọ̀mù jáde nínú sódà. Lónìí a kì í dúró de ẹni tí yóò gbìyànjú títú. Iye pọ́rọ́tọ́ọ̀nù, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó wà ní àárín gbùngbùn átọ́mù, la ń kà. Ọ̀kan ṣoṣo ni ti háídrójìn, 8 ni ti ọ́ksíjìn, 29 ni ti bàbà. Gbogbo ẹ́límẹ́ǹtì tí a mọ̀ jẹ́ 118.

Pótáàṣì tí Davy lò, ìran eérú ni, inú eérú tí wọ́n sẹ́ sínú ìkòkò sì ni orúkọ náà ti wá lédè òyìnbó. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú pẹ̀lú eérú èèpo kòkó mọ omi rẹ̀ dáadáa, bó ṣe ń yọ̀ lọ́wọ́ tó sì ń ta ara. Kán-ún tí àwọn oníṣòwò ń pè ní pótáàṣì lédè òyìnbó wá yàtọ̀ pátápátá: sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni bàbà àti idẹ. Inú mi dùn pé àwọn baba wa kò pè wọ́n lórúkọ kan náà. Bàbà jẹ́ ẹ́límẹ́ǹtì. Idẹ jẹ́ àdàlú bàbà àti sínǹkì. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kan àwọn ère orí tí gbogbo ayé ń yìn títí dòní. Ìwé òyìnbó sọ wọ́n ní brọ́ńsì, orúkọ àdàlú mìíràn, èyí tí a ń fi bàbà àti tánganran ṣe. Orúkọ yẹn kò bá wọn mu. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tó wà lára wọn wò, ọ̀pọ̀ jẹ́ idẹ tí òjé wà nínú rẹ̀, àwọn kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni ti agọ̀ ojú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ àtijọ́ kan, tó wà ní ààfin fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àwọn tó ń da idẹ á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 1,085 ni bàbà tó ń yọ́. Ọ̀pọ̀ idẹ á ti yọ́ kó tó kọjá 950. Bàbà yíyọ́ tún máa ń fa gáàsì mu, kì í sì í fẹ́ ṣàn wọ gbogbo kọ̀rọ̀ inú àwòdà. Kí ènìyàn fi ẹ́límẹ́ǹtì tó le bẹ́ẹ̀ da agọ̀ ojú tó jọ̀lọ̀ bí awọ ara, kó sì yọrí, ọgbọ́n ńlá ló wà nídìí rẹ̀. Tí a bá kàn pe gbogbo wọn ní idẹ, a ti fi ọgbọ́n náà pamọ́ sábẹ́ orúkọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ pé ìbéèrè mi àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ni lọ́rùn lórí idẹ. Idẹ le ju bàbà lọ, ó sì le ju sínǹkì lọ, bí ẹni pé ìwà tuntun ti jáde. Ìwọ̀n ló máa yanjú rẹ̀. Sínǹkì inú idẹ lè jẹ́ 5 nínú 100, ó lè jẹ́ 20, ó lè jẹ́ 35, bó sì ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọ̀ idẹ ń kúrò ní pupa díẹ̀díẹ̀ tó ń di ti wúrà. Kò sí ibì kan tí òfin ti ní kó dúró. Títú rẹ̀ náà tún jẹ́rìí: ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 907 ni sínǹkì ti ń di oru, nítorí náà bí iná bá pọ̀ jù lábẹ́ idẹ, apá kan sínǹkì á rú èéfín lọ, bàbà á sì máa pọ̀ sí i nínú èyí tó kù. Iná lásán ń ya ọ̀kan kúrò lára èkejì, bí oòrùn ṣe ń ya omi kúrò lára iyọ̀.

Láti ibẹ̀ la ti máa lóye ọ̀rọ̀ tó wà lórí àkọlé yìí. Ní ọjà, ògidì ni ohun tí wọn kò bu là. Ògidì ẹmu ni ẹmu tí adẹ́mu kò bu omi sí. Ògidì oyin ni èyí tí kò ní omi ṣúgà nínú. Ìtumọ̀ yẹn dára, ó sì wúlò, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jù ú nù. Ṣùgbọ́n lójú kẹ́mísìrì, ẹ́límẹ́ǹtì tàbí kọ́ńpáùǹdì ẹyọ kan ṣoṣo ló ń jẹ́ ògidì. Oyin tó dára jù lọ láyé, tí oyin fúnra rẹ̀ pọn sínú afárá, jẹ́ àdàlú oríṣiríṣi ṣúgà àti omi, pẹ̀lú òórùn òdòdó tí kòkòrò náà fà. Ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ jẹ́ àdàlú omi, ṣúgà àti ọtí. Pure wọ́tà inú ọ̀rá, bó ti wù kó mọ́ tó, ní oríṣiríṣi iyọ̀ inú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó yòrò sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì yòrò sínú rẹ̀. Ó dára fún mímu, ṣùgbọ́n àdàlú ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ló sún mọ́ kẹ́mísìrì jù, nítorí wọ́n ń sọ iye: wúrà kárátì 24 ni wúrà nìkan, kárátì 18 ní wúrà 75 nínú 100, bàbà, fàdákà tàbí nǹkan mìíràn ló kún ìyókù kó má baà rọ̀ jù.

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ní òòfà, ohun tó yẹ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wà. Kí wọ́n wọn gíráàmù 7 èérún irin, ìyẹn èyí tí wọ́n fi fáìlì rin jáde, àti gíráàmù 4 imí-ọjọ́, kí wọ́n pò wọ́n. Òòfà á ṣì fa irin jáde kúrò nínú imí-ọjọ́. Kí olùkọ́ wá fi iná jó ìdajì rẹ̀ nínú túùbù gíláàsì àyẹ̀wò, ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kó gbé iná kúrò: pípọ́n náà á máa bá ìrìn rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀ títí dé òpin. Ìdì dúdú kan ló máa kù. Ẹ fi òòfà kàn án, bóyá ló máa mira mọ́. Ẹ kán ásíìdì sí èyí tí a kò jó, háídrójìn tí kò ní òórùn tirẹ̀ ló máa jáde. Ẹ kán an sí ìdì dúdú yẹn, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ló máa gba yàrá. Irin kan náà, imí-ọjọ́ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ọmọ tó bá ti gbọ́ òórùn yẹn rí kì í béèrè ìyàtọ̀ papọ̀ àti dàpọ̀ lọ́wọ́ ìwé mọ́.

Irin ṣàlàyé nǹkan mìíràn fún wa. Irin tó dógùn-ún ti di kọ́ńpáùǹdì: ó ti gba ọ́ksíjìn àti omi mọ́ra. Bí ẹ bá fi yẹ̀pẹ̀ ha ìpáàrà kúrò, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ kàn, ìpáàrà tó bọ́ sílẹ̀ kò padà di irin. Òkúta irin inú ilẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, irin tí ọ́ksíjìn ti dì mú ni. Àwọn tó ń yọ́ irin ní agbègbè Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́ kò lè fi òòlù àti asẹ́ nìkan rí irin nínú rẹ̀. Wọ́n á kó o sínú iléru pẹ̀lú èédú, wọ́n á dáná sí i títí. Kábọ́ọ̀nù inú èédú á gba ọ́ksíjìn lọ́wọ́ irin, á bá a fò lọ gẹ́gẹ́ bíi gáàsì, irin á sì kù. Alágbẹ̀dẹ tó wá ń rọ irin yẹn sí ọkọ́ àti àdá, ìrísí rẹ̀ ló ń yí. Ẹni tó yọ́ ọ ló yí ìwà rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ kò gba àkókò púpọ̀: àdàlú ni, náítrójìn nǹkan bí 78 nínú 100, ọ́ksíjìn nǹkan bí 21, ágọ́ọ̀nù àti àwọn yòókù ló kún un. Ògógóró náà, títú àdàlú ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọtí á kọ́kọ́ di oru nítorí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 78 ló ti ń hó, omi á ṣì ń dúró de 100, oru á gba inú páìpù tó la omi tútù kọjá, á tún di olómi. Kì í ṣe ọtí nìkan ló ń jáde, omi díẹ̀ máa ń bá a rìn.

Ó ku ìdẹkùn kan tó máa ń mú àwọn tó ti rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ọ́ksíjìn tí à ń mí, átọ́mù méjì-méjì ló ń so mọ́ra. Wọ́n á ní, ó papọ̀ nìyẹn, kọ́ńpáùǹdì ni. Rárá. Irú átọ́mù kan náà ni méjèèjì. Kọ́ńpáùǹdì nílò ẹ́límẹ́ǹtì tó yàtọ̀ síra. Èédú àti dáyámọ́ǹdì tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀nà mìíràn: kábọ́ọ̀nù ni dáyámọ́ǹdì, kábọ́ọ̀nù ló sì pọ̀ jù nínú èédú. Bí átọ́mù ṣe tò sí ló mú kí ọ̀kan máa kun ọwọ́, kí èkejì máa gé gíláàsì.

Mo ní kí ọmọ náà gbé ife omi iyọ̀ rẹ̀ sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀, kó má fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ mélòó kan kọjá kó tó gbé e wá. Omi ti tán. Ìsàlẹ̀ ife kún fún àwọn ègé kéékèèké tó ń dán, ó sì fi gíláàsì amúǹkantóbi wò wọ́n títí kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Sà, wọ́n ní igun bíi ti máàgí."